Ẹnubodè Tí Kò Gba Ó Dàbọ̀

Ẹnu mi ló tún kó bá wa.

Ẹsẹ̀ mi kan ti kọjá ìlà funfun. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, ó di etí ẹ̀wù mi mú bí ọmọdé tó fẹ́ sọdá títì. Ohun tó kù kò ju kí n pa ẹnu mọ́ títí a ó fi jáde. Àfi bí ohùn tó ń gbé inú ògiri ẹnubodè náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Olùgbọ́, ṣe kí mi ní Yorùbá tó já geere, bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò láyé bàbá bàbá mi.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ máa kílé o."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ni wọ́n bí ní Iléṣà, tí wọ́n ní kó kílé, tí kò ní fèsì?

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́ o. Ó dàbọ̀ o!"

Ìlà funfun di pupa. Ilẹ̀ tí mo dúró lé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn, ó gbé mi padà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn kúrò lórí ìjókòó.

"Ó dàbọ̀," ni Olùgbọ́ wí. "Ìyẹn ni pé, ó di ìgbà tí ẹ bá bọ̀. Ìlérí ti wọlé. Ìwọlé kan ṣoṣo ni òfin fún àlejò kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ padà wá, kó padà wá nísinsìnyí. Ọkọ̀ etíkun yóò gbéra nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ẹ gbádùn ara yín o."

"Bàbá Mosún!" Ìyàwó mi ju ẹ̀wù mi sílẹ̀ bí ẹni ju èérí. "Ṣé ẹnu yín kò ní ilẹ̀kùn ni?"

"Ìyá Mosún, ó kí mi ni."

"Bí pàkúté bá kí eku, ṣé dandan ni kí eku dáhùn?"

"Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ta ló gbọ́ pé ọmọ ti bímọ, tó fò sókè níbí yìí, tó ń pariwo pé 'A ń bọ̀ o, a ń bọ̀'? Èmi ni?"

Ó jókòó lórí àpótí aṣọ wa, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí wọ́n dá wa padà. Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ wa fi wà nínú ìwé kí Alibáníà tó pè wá pé ó kàn wá, ká wá fi ọjọ́ mẹ́rin wo etíkun, òkè àti adágún wọn. Etíkun ni ọjọ́ kìíní: a sùn nínú ilé kọnkéré róbótó tó dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, èyí tí àwọn baba ńlá wọn kọ́ de ogun tí kò wá. Òkun ti bo ìdajì àwọn ilé náà mọ́lẹ̀. Àlejò ló ń sùn nínú ìyókù. Òkè ni ọjọ́ kejì àti ìkẹta: ìwọ̀nba yìnyín tó kù lórí rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó bí ọmọ tí ibà ń ṣe. A ó tò, wọ́n á ṣí aṣọ, a ó wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á tún bò ó. Adágún ni ọjọ́ kẹrin, níbi tí ẹnubodè wà. Ní ìyípo kìíní, mo ní Ọlọ́run ga. Ní ìyípo kejì, mo ní òkè ga. Ní ìyípo kẹta, mo ní orúnkún ń dùn mí. Àwọn ewúrẹ́ orí òkè ti ń wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n ní àlàyé.

Bẹ́ẹ̀ ni Mosúnmọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, tí a fi sílẹ̀ nílé pẹ̀lú oyún tó ku oṣù kan gbáko, ti bímọ láìròtẹ́lẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ọmọ nìyí. Ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìyípo kan, ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí kò lọ ilé ìwé pàápàá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Ìyá Kọ́lápọ̀ ni yóò wẹ ọmọ mi," ni ìyàwó mi ń wí fún bàtà rẹ̀. Ìyá Kọ́lápọ̀ ni ìyá ọkọ Mosún. "Obìnrin tó ń fọ ọmọ bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò! Òun ni yóò na apá ọmọ, òun ni yóò na ẹsẹ̀ ọmọ, òun ni yóò gbé e jáde fún ayé rí. Èmi ń wo yìnyín."

Mo dìde. Mo dojú kọ ògiri.

"Olùgbọ́, ẹ jọ̀ọ́, báì-báì."

"Báì-báì kì í ṣe èdè tí ìyá yín fi tọ́ yín. Èdè àyálò ni àwọn àlejò àtijọ́ fi ń parọ́ fún wa. Èdè ìyá nìkan ni mò ń gbà."

"Ó dìgbà."

"Ìgbà wo?"

"Ó dìgbóṣe."

"Ìgbà náà ni. Ìlérí."

"Ó dàárọ̀!"

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ wo?"

Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ṣe wá lọ́ṣẹ́! Gbogbo ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, kò sí èyí tí kò ní ìpadàbọ̀ nínú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá mo lè rí ẹnìkan bẹ̀. Kò sí. Ògiri ni. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, pé kò dára fún ẹni ọjọ́ orí mi.

"Ọ̀rọ̀ tí a ń fẹ́ kò ṣòro," ni Olùgbọ́ wí. "Ẹ sọ pé: Mo lọ, n kò ní padà wá mọ́."

Ìyàwó mi fi ọwọ́ yí orí ká, ó ju ibi náà sẹ́yìn. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òkú ló ń lọ tí kì í padà. Ọmọ tuntun jòjòló wà nílé, ẹ ní kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mo lọ?"

"Ìyá Mosún, òkúta ni à ń sọ ọ́ fún. Òkúta àti omi."

"Ọ̀rọ̀ kò mọ òkúta. Ẹyin ni. Ó ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́nà kan tí kò yé mi. "Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Mo ronú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dé ilé. Bí èèwọ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kó wá sórí èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo fa ṣòkòtò mi sókè.

"Orúkọ?"

"Ládiméjì Akínbọ̀wálé."

"Akin bọ̀ wá ilé." Olùgbọ́ tú u palẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Orúkọ yín pàápàá ń padà bọ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀."

Mo di ojú. Mo ní, "Mo lọ. N kò ní padà wá mọ́."

Ìlà náà di funfun. Ilẹ̀ gbé mi síwájú. Dígí ńlá kan ṣí, ó sì tún pa dé lẹ́yìn mi. Mo ti bọ́! Afẹ́fẹ́ òde fẹ́ sí mi lójú, mo jó, mo fẹsẹ̀ palẹ̀, mo yí padà láti pe ìyàwó mi pé kó ṣe bí mo ti ṣe.

Ó dúró sẹ́yìn dígí. Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "Ẹ máa lọ. Ẹ bá mi gbé ọmọ náà pọ̀n."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn nǹkan kan rí. Mo sáré tọ dígí náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì lù ú.

"Àbẹ̀ní mi, má mikàn! Mò ń b—"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

"Mò ń bọ̀," ni Olùgbọ́ bá mi parí rẹ̀. "Ìlérí ti wọlé. Ẹ padà wọlé, bàbá."

Dígí ṣí. Ilẹ̀ gbé mi, èmi ń rìn síwájú, òun ń rìn sẹ́yìn, títí ó fi gbé mi kalẹ̀ gẹ́lẹ́ sí iwájú ìyàwó mi. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ibi tí a jókòó sí, tí a kò lè wo ara wa lójú, ni Màmá Dafina ti bá wa. Òun ló ń tọ́jú ilé àlejò etí adágún, ìyá arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń wé gèlè funfun pélébé. Ẹ̀gbà tí ìjọba dè mọ́ wa lọ́wọ́ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wa létí. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé mo rò pé àgbà ti ń dà á láàmú. Ní ìyípo kìíní, mo bi í bóyá omi adágún náà tutù. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Mo ní kò tutù nìyẹn, mo bẹ́ sínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí mi bá ibẹ̀ lọ. Ní ìyípo kejì, ìyàwó mi bi í bóyá ata wà. Ó mi orí sókè sódò, ó ń rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ata kò dé.

Ó gbé àwo ẹja sísun síwájú wa. "Ẹ ṣì wà?"

"A ṣì wà, Màmá. Ẹnu wa ni."

"Besa ni." Ẹ̀gbà náà kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti fún ẹnìkejì. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá ti fún ọ ní besa rẹ̀, kó jẹ́ pé ìwọ lo pa arákùnrin rẹ̀, yóò gbà ọ́ sílé, yóò bọ́ ọ. Nígbà tí àlejò pọ̀ bí eéṣú, tí gbogbo wọn ń sọ pé àwọn á padà wá, tí ìdọ̀tí wọn nìkan ń dúró dè wá, àwọn ọmọ wa kọ́ ògiri yìí. Wọ́n kọ́ ọ ní besa. Kò mọ nǹkan mìíràn."

"Bí besa méjì bá wá ń jà ńkọ́?"

"Èyí tó dàgbà ló ń ṣíwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Olùgbọ́ dá sí i látinú ògiri. "Kí ẹni tí a ṣe ìlérí náà fún jẹ́rìí sí i, kí ọmọ ilẹ̀ yìí kan sì gbà pé ìlérí ni."

Mo fò dìde, ẹja fò pẹ̀lú mi. "Ìyá Mosún! A ti bọ́! Ìwọ lo wọlé lọ dágbére fún Mosún lọ́jọ́ tí à ń bọ̀, nígbà tí mò ń di ẹrù. O sọ fún un pé ó dàbọ̀, àbí o ò sọ? Ìyẹn dàgbà ju gbogbo ti ibí lọ!"

Ìyàwó mi dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀.

"Bàbá Mosún, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí etíkun."

"Kí lo wí?"

"Mo ní etíkun dára. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ ká lọ."

N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ti kígbe pé kí Olùgbọ́ pe ilé wa. Kí ìyàwó mi tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ojú Mosún ti yọ lórí dígí ńlá, ó tóbi bí ojú òrùn, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ọmọ náà kò ju ìkúùkù lọ. Ìyá Kọ́lápọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ bí ọ̀gá ológun.

"Bàbá mi! Ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀?"

"Ìyá ọmọ," ni Olùgbọ́ wí, "ní ọjọ́ tí ìyá yín jáde nílé, kí ló sọ fún yín?"

Mosún wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ẹ dákun, ṣé dandan ni?"

"Dandan ni. Òótọ́ nìkan."

"A jà," ni Mosún wí. "Mo ní kí ìyá ọkọ mi kúkú wá wẹ ọmọ, nítorí pé àwọn ìyá mi ka òkè ọ̀nà jíjìn sí ju ikùn mi lọ. Wọ́n wá ní..." Ó fa ọmọ mọ́ra. "Wọ́n ní, 'Mo lọ nìyẹn. Má retí mi mọ́.' Wọ́n sì lọ."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí obìnrin yìí kọ̀ láti sọ fún òkúta, ó ti sọ ọ́ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ló fi gbé e mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òkè, létí òkun, tí mo rò pé àìsí ata ló ń bà á nínú jẹ́.

"Ó ti dágbére ìkẹyìn fún ilé," ni Olùgbọ́ wí. "Kò dágbére ìkẹyìn fún wa. Àwa nìkan ló kù tó ṣe ìlérí fún. Ọkọ̀ etíkun ti ṣetán."

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpótí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà etíkun, bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ tó sì gbà pé ẹjọ́ náà tọ́.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀!"

Ta ló pariwo? Ìyá Kọ́lápọ̀ ni! Ó ti Mosún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú tirẹ̀ wá gba gbogbo dígí.

"Àna mi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ lásán wẹ ọmọ yìí. Wọ́n ní kí ni mo ń dúró dè, mo ní ẹ fi mí sílẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e sókè fún wa rí. Igbá kékeré ni, tí wọ́n fi àkísà ìró ìyàwó mi dì. Ó tú u. Kànhìnkànhìn tuntun wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti fọwọ́ rún títí ó fi rọ̀ bí òwú. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ lọ ni ẹ tì í síbí. N kò fọwọ́ kàn án. Èmi náà bímọ. Mo mọ ohun tó ń wí."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni," ni Olùgbọ́ wí. "Ìyá, ṣé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀? Ẹ̀gbà ọwọ́ yín mọ irọ́."

Mo mọ ìyàwó mi. Obìnrin tó bá mi yan odì fún oṣù mẹ́ta nítorí igi ọsàn kan tí mo gé. Kó gbà pé òun ṣì ń fẹ́ wẹ ọmọ náà, lójú àna rẹ̀, lójú ọmọ tó bú u! Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ pète láti sọ pé òun gbàgbé. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yẹ́rí.

Ọmọ náà sín. Sínsín kékeré kan báyìí, bí ti ológbò.

Ìyàwó mi fi àpótí sílẹ̀.

"N kò gbàgbé," ó ní. "Òru mẹ́ta ni mo fi rún kànhìnkànhìn yẹn. Àrokò ni. Mosún, ẹnu mi ló ní mo lọ. Ọwọ́ mi ló ní mò ń bọ̀. Ọwọ́ mi ni kí o gbà gbọ́."

Mosún bú sẹ́kún. Ìyá Kọ́lápọ̀ ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀!" Èmi ń fi ìka nu ojú, mo ní ẹja ló ta sí i.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó mi ti rọlẹ̀. "Òótọ́ ni," ni Olùgbọ́ wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ mọ besa. Kànhìnkànhìn tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ṣé ìlérí ni?"

Gbogbo wa kọjú sí Màmá Dafina. Ìyá arúgbó náà wo igbá náà títí. Ó wo ìyàwó mi. Ó wá mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì, ó tún mi ín sọ́tùn-ún, gbọọrọ, láìrẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ké, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màmá! Ẹja tí a ti jẹ lọ́wọ́ yín! Ohun tí ẹ ṣe fún wa nìyí?" Mo ti gbé àpótí wa méjèèjì lérí, mo ti kọjú sí etíkun, mo ń ronú ohun tí mo máa sọ fún àwọn ewúrẹ́.

Lẹ́yìn mi, dígí ṣí.

"Ìlérí ni," ni Olùgbọ́ wí. "Ti ilé ló dàgbà jù. Ẹ máa lọ."

Mo yí padà. Màmá Dafina ṣì ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ a máa túmọ̀ ọ̀rọ̀, kì í túmọ̀ orí. Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá mi orí sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí. Ẹni tó mi ín sókè sódò, rárá ni. Omi tutù, ó sọ fún mi. Ata kò sí, ó sọ fún wa. Èmi ni mo mú un ní arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú.

A dé ìlà funfun. Màmá Dafina gbé ọwọ́ sáyà. "Mirupafshim," ó ní, ẹ̀gbà sì túmọ̀ rẹ̀ sí wa létí: kí a tún fojú rere rí ara wa.

Ẹ ò rí nǹkan! Tiwọn náà, ìpadàbọ̀ ni! Ọ̀rọ̀ ìdágbére ayé yìí, bóyá kò sí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo la ẹnu gbàgà láti sọ fún un.

Àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi bò mí lẹ́nu, pàà.

Ó di ẹnu mi mú bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì tú ìborùn rẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé tó fẹ́ràn jù, ó fi í lé èjìká Màmá Dafina, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Kò sọ ohunkóhun. Ìyá arúgbó náà mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì.

A kọjá ìlà. Dígí pa dé lẹ́yìn wa.

"Ìyá Mosún," ni Olùgbọ́ pè.

Ẹsẹ̀ wa dúró.

"Mo rí ìborùn yẹn."

Mo ń wo ilẹ̀, mo ń retí pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n Olùgbọ́ ni orúkọ mi," ni ohùn náà wí. "N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ máa kílé o."

Mo dáhùn. Mo fi gbogbo ara dáhùn, inú àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi ni ó sì kú sí, nítorí kò mú ọwọ́ yẹn kúrò lẹ́nu mi títí ọkọ̀ òfuurufú wa fi fò.